Ọ̀bọ Tún Dé: Ulli Beier, Orúkọ Ìbòjú àti Ojúṣe Olóòtú Jọ́nà

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ Heinemann ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé eré-oníṣe kan jáde nínú ọ̀wọ́ African Writers Series. The Imprisonment of Obatala and Other Plays ni àkọlé rẹ̀. Obotunde Ijimere ni orúkọ òǹkọ̀wé tó wà lára ìwé náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ulli Beier ló ṣe é sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ra ìwé yìí nígbà náà yóò gbà pé òǹkọ̀wé Yorùbá tuntun kan ló yọjú, àti pé Beier, olóòtú tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Áfíríkà ti mọ̀ dáadáa, ló ń fà á lọ́wọ́ jáde sí gbangba. Òǹkọ̀wé náà ní ìtàn ìgbésí ayé pẹ̀lú. Ọ̀tàn Ayégbajú ni wọ́n ní wọ́n ti bí i, ní ọdún 1930, wọ́n sì ní ó ti bá ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ ṣiṣẹ́.

Kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tàn Ayégbajú. Beier fúnra rẹ̀ ni Ijimere. Òun ló kọ eré, òun ló hùmọ̀ ẹni tí wọ́n ní ó kọ ọ́, òun náà ló sì tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà bí ògbufọ̀. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé orúkọ náà kò fara pamọ́ rárá fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ń gbà tẹ̀wé ló bọ́ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lára rẹ̀. Bí àmì bá padà sórí rẹ̀, Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè ló wà níbẹ̀. Ìhun kan náà ni òun pẹ̀lú Babátúndé àti Yétúndé. Bàbá ló padà wá nínú èkíní, ìyá ló padà wá nínú èkejì, ọ̀bọ ló sì padà wá nínú ẹ̀kẹta yìí. Ìjímèrè tó tẹ̀ lé e, irú ọ̀bọ kan tí irun rẹ̀ pọ́n ni. Lóòótọ́, Yorùbá a máa sọ àbíkú ní Ajá kí ikú lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí agboolé tó ń gbé ọ̀bọ sí ipò òbí tó tún ayé wá. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà. Bí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé bá pe ẹni kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè náà dáadáa, tí wọ́n sì bi í pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ yìí, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ dá wọn lóhùn.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ̀fẹ̀ yìí ti wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì mọ̀ nípa rẹ̀ ń kà á sí àrà tí ọkùnrin aláràbarà kan dá. Ojú tí àpilẹ̀kọ yìí fi ń wò ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ ìwádìí àti nínú jọ́nà ni, ó sì kan àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lẹ́yìn odi ju bí ó ti kan àwọn tó wà nílé lọ, nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi orúkọ Yorùbá sí lára, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ rí gbámú nílé-ìkàwé.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí láìsọ ohun tí Beier ṣe. Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1922. Ó dé Ìbàdàn ní 1950 láti wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè, kò sì pẹ́ tó fi kúrò láàárín àwọn òyìnbó ọgbà, tó lọ ń gbé ní Ẹdẹ, ní Ìlobùú àti ní Òṣogbo. Ó wà lára àwọn tó ṣe jọ́nà Odù ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ní 1957, òun àti Janheinz Jahn dá Black Orpheus sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó wà nídìí ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn ní 1961, àti Mbari Mbayo ní Òṣogbo ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tí orúkọ wọn kárí ayé lónìí, ojú ewé Black Orpheus ni àwọn òǹkàwé òkèèrè ti kọ́kọ́ pàdé wọn. Ẹni tó bá ní òun kò jẹ Beier ní gbèsè kankan nínú ìmọ̀ nípa Yorùbá, irọ́ ló ń pa.

Àmọ́ gbèsè yìí gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ọwọ́ ẹni tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ni ó ti wá.

Ijimere kọ́ ni orúkọ àkọ́kọ́. Ṣáájú rẹ̀, nínú Black Orpheus fúnra rẹ̀, Beier ti ń kọ àpilẹ̀kọ àti àtúpalẹ̀ ìwé àti iṣẹ́ ọnà lábẹ́ orúkọ Sangodare Akanji àti Omidiji Aragbabalu. Peter Benson, tó kọ ìwé kan lórí Black Orpheus àti Transition ní 1986, ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn orúkọ yìí, nítorí náà kì í ṣe àṣírí mọ́. Kí òǹkàwé wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú jọ́nà kan. Jọ́nà náà fẹ́ fi hàn pé lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ti tó ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ń jókòó tì láti gbé yẹ̀ wò. Òǹkàwé ṣí i, ó rí i pé Ṣàngódáre Àkànjí kan, tí ó dájú pé ọmọ onísàngó ni, ń sọ èrò rẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí àti iṣẹ́ tọ̀hún. Ó rò pé ohùn ilé ni òun ń gbọ́. Ohùn olóòtú ló ń gbọ́. Iṣẹ́ tí olóòtú fúnra rẹ̀ yàn láti tẹ̀ jáde tàbí tó fẹ́ràn, alámèyítọ́ "Yorùbá" kan tún wá ń tì í lẹ́yìn, ó sì wá dà bí ẹni pé ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló fohùn ṣọ̀kan.

Àwọn kan lè ní kí àpilẹ̀kọ má sọ ọ̀rọ̀ di ńlá, pé jọ́nà kékeré ni, pé àwọn tó lè kọ ọ́ kò pọ̀ nígbà náà, pé olóòtú tí kò bá fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ kún gbogbo ojú ewé yóò wá orúkọ mìíràn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n olóòtú tó kàn fẹ́ dín orúkọ ara rẹ̀ kù lè fi lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ, tàbí kó fi í sílẹ̀ láìfi orúkọ sí i. Kò sí ìdí tí yóò fi di ọmọ onísàngó. Orúkọ tí Beier yàn ń ṣe iṣẹ́ kan tí lẹ́tà méjì kò lè ṣe: ó ń jẹ́rìí. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé, "Ọmọ bíbí ibẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀." Ibi tí ẹ̀tàn wọlé nìyẹn. (Nípa ohun tó fara sin nínú jọ́nà yìí, owó náà tún wà níbẹ̀ o. Fún ìgbà kan, Congress for Cultural Freedom ṣe ìrànwọ́ fún Black Orpheus, ẹgbẹ́ tó hàn sí gbogbo ayé ní 1966 àti 1967 pé CIA ti Amẹ́ríkà ló ń náwó sí i lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rí tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dá Beier lẹ́bi lórí rẹ̀.)

Ní 1967, Beier ṣe olóòtú ìwé mìíràn fún Longmans, Three Nigerian Plays. Eré mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Mọremí ti Dúró Ládípọ̀ jẹ́ ọ̀kan. The Scheme ti Wálé Ògúnyẹmí jẹ́ èkejì. Ẹ̀kẹta, Born with the Fire on His Head, Obotunde Ijimere ni wọ́n pè ní òǹkọ̀wé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wá kọjá ẹ̀fẹ̀ níhìn-ín. Àkọlé ìwé náà ṣèlérí òǹkọ̀wé Nàìjíríà mẹ́ta. Méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ààyè tí ìwé náà ní, olóòtú ló gbà á fún ara rẹ̀, ní àsìkò tí ọ̀dọ́mọdé òǹkọ̀wé tó ń wá ibi tí yóò ti tẹ eré rẹ̀ kò wọ́n ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn. Bí àwọn alámèyítọ́ ti ń dárò irọ́ tí wọ́n pa fún òǹkàwé, ó yẹ kí wọ́n rántí òǹkọ̀wé tí kò sí nínú ìwé náà pẹ̀lú.

Kì í ṣe pé Beier kò mọ bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é. Ní 1959, ìwé kékeré kan jáde lórí ewì Yorùbá; Bákàrè Gbàdàmọ́sí àti Ulli Beier ni orúkọ tó wà lára rẹ̀, ti Gbàdàmọ́sí ló sì ṣíwájú. Ní 1964, Mbari tẹ eré mẹ́ta ti Dúró Ládípọ̀ jáde, Ọba Kò So, Ọba Mórò àti Ọba Wàjà. Wọ́n fi orúkọ Ládípọ̀ sí ibi tó yẹ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé Beier ló ṣe wọ́n sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn tó wà lára ìwé Ládípọ̀ gan-an ni wọ́n tún gbé sára ìwé Ijimere ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ìwé olóòótọ́ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ayédèrú. Òǹkàwé tó ti rí i pé Ládípọ̀ wà láyé, pé Beier ló ń túmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní ìdí kankan láti ṣiyèméjì nípa ẹni kejì.

Àwíjàre tó lágbára jù lọ fún Beier wá láti inú àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ẹ̀kú kì í tún jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ará ọ̀run ni. Gbogbo agboolé lè mọ ọmọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ síta. Ìjímèrè pàápàá ní ipò tirẹ̀ nínú ìtàn bí egúngún ṣe ṣẹ̀, ẹni tó bá sì mọ bí Beier ti sún mọ́ àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó yóò gbà pé kò ṣàdédé yan orúkọ yẹn. Nítorí náà, wọ́n lè sọ pé Ijimere jẹ́ eégún, àti pé ẹni tó bá ń tú aṣọ eégún lójú agbo, òun ló ṣàìmọ̀kan.

Àwíjàre náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Eégún kì í dá jáde. Atọ́kùn wà níwájú rẹ̀, pàṣán lọ́wọ́, tó ń túmọ̀ ohun tó sọ, tó ń lé èrò sẹ́yìn, tó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí eégún padà sí ìgbàlẹ̀. Alágbàáà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdílé tó ni ẹ̀kú sì wà. Bí eégún bá ṣe ohun tí kò yẹ, ilé tí wọn yóò lọ wà, ẹni tí wọn yóò bi léèrè sì wà. Nínú jọ́nà, olóòtú ni atọ́kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, kí ó sì gba ẹ̀bi rẹ̀ sọ́rùn bí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Nígbà tí atọ́kùn fúnra rẹ̀ wá wọ ẹ̀kú, tó tún di pàṣán mú, tó sì dúró láàárín èrò tó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, ta ló kù tí wọn yóò bi léèrè? Àti pé èrò tó wà lójú agbo egúngún mọ̀ pé egúngún ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ra ìwé Heinemann kò mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó burú ni kí olóòtú fi orúkọ ẹlòmíràn kọ̀wé, Yorùbá náà kò mọ́ níbẹ̀. Ní 1929 àti 1930, I. B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú ayé ìṣekúṣe, tí àìsàn sì ti dá dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láyé. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé nípa rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà. Thomas ló ń kọ gbogbo rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń ka ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Karin Barber ti ṣe àtúntẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní 2012.

Kí ló wá dé tí Thomas fi jẹ́ aṣíwájú, tí Beier sì ń jẹ́jọ́? Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọmọ Yorùbá ni ọ̀kan, òyìnbó sì ni èkejì. Ìdáhùn yẹn kò tó. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ara ni òfin, ọmọ Yorùbá tó bá hùmọ̀ ẹlẹ́rìí fún ìwádìí rẹ̀ yóò lọ lómìnira, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èdè Yorùbá ni Thomas fi kọ ọ́, sí àwọn ará Èkó tó mọ àdúgbò tí Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ, tí wọ́n lè fèsì nínú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n wà nítòsí tó láti jà á níyàn. Àwọn tí Ijimere ń bá sọ̀rọ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York àti ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ pé ọ̀bọ ló wà nínú orúkọ. Ẹ̀tàn náà gbára lé àìgbédè òǹkàwé. Ìyàtọ̀ kejì ni pé kò sí ẹni tó mú Sẹ̀gilọlá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kó lè jẹ́rìí sí ìwádìí I. B. Thomas.

Kókó kejì yìí ni ó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí dúró tì. Eré tí wọ́n fi ṣe àkọlé ìwé 1966 dá lórí ìtàn ìrìn-àjò Ọbàtálá sí ọ̀dọ̀ Ṣàngó. Ifá ti kìlọ̀ fún un kó má lọ. Ó lọ. Èṣù da epo sí i láṣọ funfun lójú ọ̀nà, kò sì fọhùn. Ó pàdé ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un dání kó lè dá a padà, wọ́n sì pè é lólè, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fún ọdún méje. Òjò kò rọ̀, obìnrin kò bí, títí Ṣàngó fi mọ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé rẹ̀. Beier ti gbé Ẹdẹ. Ní 1959, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí ọdún ìbílẹ̀ ní ìlú náà, A Year of Sacred Festivals in One Yoruba Town, níbi tí ó ti ṣàlàyé ọdún Ọbàtálá, bí wọ́n ti ń mú Ajagẹmọ ní ìgbèkùn, tí ọba sì ń rà á padà. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí lórí Ọbàtálá yóò wá rí ìwé méjì lórí tábìlì: ti onímọ̀ ọmọ Jámánì tó wo ọdún náà, àti ti òǹkọ̀wé ọmọ Ọ̀tàn Ayégbajú tó dàgbà sínú àṣà náà. Yóò rí i pé ojú tí wọ́n fi wo sùúrù Ọbàtálá àti ìyà tó jẹ ẹ́ bára mu. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí inú ilé ti jẹ́rìí sí ti òde. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wọ aṣọ méjì.

Ẹlẹ́rìí tòótọ́ wà, wọ́n sì pọ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsílì gbé ìtàn yìí kan náà kọjá òkun. Ní àwọn ilé òrìṣà Candomblé ní Bàhíà títí di òní, wọ́n ń ṣe ètùtù kan tí wọ́n ń pè ní Águas de Oxalá. Àwọn ọmọ ilé a jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọn a wọ aṣọ funfun, wọn a sì pọn omi wá láìsọ̀rọ̀, ní ìrántí bí wọ́n ti wẹ Òṣàlá mọ́ lẹ́yìn tó jáde nínú ẹ̀wọ̀n Ṣàngó. Pierre Verger, ọ̀rẹ́ Beier, kọ ìtàn náà sílẹ̀ láti ìhà méjèèjì òkun. Ìtàn náà ní olówó, ní Ẹdẹ àti ní Bàhíà. Ohun tí orúkọ Ijimere ṣe ni pé ó gba ipò wọn. Bí Beier bá ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára eré náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òǹkàwé yóò bi ni: "Lọ́wọ́ ta ni òyìnbó yìí ti gbọ́ ọ?" Nítorí pé "Yorùbá" ló kọ ọ́, ìbéèrè yẹn kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Orúkọ àwọn babalórìṣà àti àwọn ará ìlú tó sọ ìtàn fún un bá ìbéèrè náà lọ.

Eré méjì yòókù nínú ìwé náà tún mú ọ̀rọ̀ dojú rú sí i. Everyman jẹ́ àtúnkọ Jedermann, eré tí Hugo von Hofmannsthal, ọmọ Austria, kọ ní èdè Jámánì. Woyengi wá láti inú ìtàn àwọn Ijaw nípa obìnrin alágbára tí kò rọ́mọ bí, tó lọ bá ẹlẹ́dàá pé kó tún òun dá; Gabriel Okara ti kọ ìtàn náà sínú Black Orpheus ní 1958. Nítorí náà, eré àwọn òyìnbó Austria àti ìtàn àwọn Ijaw wọ inú ìwé kan náà pẹ̀lú ìtàn Ọbàtálá, gbogbo wọn sì jáde gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọpọlọ ọmọ Yorùbá kan. Kí ni alámèyítọ́ tó fẹ́ fi ìwé náà ṣàlàyé "èrò Yorùbá nípa ikú" yóò wá rí mú nínú Everyman? Jámánì ni yóò rí, tó wọ agbádá.

Beier kúrò ní Nàìjíríà ní òpin 1966, ó sì lọ kọ́ni ní yunifásítì Papua New Guinea. Ó dá jọ́nà Kovave sílẹ̀ níbẹ̀. Ó tún di ọmọ ibẹ̀: ó kọ eré lábẹ́ orúkọ M. Lovori. Maebh Long ti ṣe àfiwé Ijimere àti Lovori nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ kà. Ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé ìfẹ́ Yorùbá ló gun Beier títí ó fi gba orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú yí padà, àṣà yí padà, èdè yí padà. Olóòtú tó ń bo ojú nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń darí kò yí padà.

Lónìí, òfin wà. Ní 1997, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ara wọn jọ, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní COPE sílẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì ti tàn ká jọ́nà onírúurú ẹ̀kọ́. Olóòtú tó bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sínú jọ́nà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹra pátápátá, kí ẹlòmíràn bá a gbé e yẹ̀ wò. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ti hàn. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ SAGE yọ 60 àpilẹ̀kọ kúrò nínú Journal of Vibration and Control lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé wọ́n rí i pé wọ́n ti fi orúkọ tó tó 130, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ayédèrú, ṣe àgbéyẹ̀wò àpilẹ̀kọ ara wọn. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Taiwan ló wà ní àárín rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ẹ̀fẹ̀.

Síbẹ̀ yóò jẹ́ àṣejù kí ẹnikẹ́ni mú òfin ọdún 1997 padà sẹ́yìn lọ fi na ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní 1957. Eré-oníṣe kì í sì í ṣe àpilẹ̀kọ ìwádìí. Wọn kì í yọ eré kúrò nílẹ̀ bí wọ́n ti ń yọ èsì àyẹ̀wò oògùn. The Imprisonment of Obatala jẹ́ eré tó dára ní tirẹ̀. Èdè rẹ̀ ní agbára, ìbùkún sì ni fún ẹni tó bá mọ ohun tí òun ń kà. Àṣìṣe tó kù nílẹ̀ báyìí, ọwọ́ àwọn alààyè ló wà. Àkójọ ilé-ìkàwé tó ṣì ń pe Ijimere ní òǹkọ̀wé Yorùbá tí wọ́n bí ní 1930 wà. Ètò ẹ̀kọ́ tó fi í sí àárín Ògúnyẹmí àti Ládípọ̀ wà. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ kí àṣírí tó tú, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń tọ́ka sí láìmọ̀, wà pẹ̀lú, kò sì sí jọ́nà tó fi àkíyèsí kankan sí wọn níwájú.

Àtúnṣe náà kò le. Ẹni tó bá ń tọ́ka sí eré náà kí ó kọ ọ́ báyìí: Ulli Beier, lábẹ́ orúkọ Obotunde Ijimere. Kí ó fi àmì sórí orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kí òǹkàwé rí ọ̀bọ. Kí ó dárúkọ Hofmannsthal níbi tí Everyman bá ti wọlé, àti Okara níbi tí Woyengi bá ti wọlé. Níbi tí Ọbàtálá bá ti wọlé, kí ó kọ Ẹdẹ síbẹ̀, kí ó sì lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Bàhíà kí ó tó sọ pé òun mọ ibi tí ìtàn náà parí sí. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Toronto tàbí ní Houston lè fi orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní: kí ó kọ ọ́ sára pátákó láìní àmì, kí ó sì ní kí wọ́n fi àmì sí i fúnra wọn.